Pèrègún Etí Kòtò Wúrà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024

Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe. Mo ti kìlọ̀ fún Monílọ́lá, ọmọ mi tó di bírò mú: tíṣà lo jẹ́ nílé ìwé, o kì í ṣe tíṣà nínú ilé mi. Èmi Jóṣúà kò mọ̀wé. Ojú mi kò sì ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú.

Ìdí tí mo fi ní kó kọ ọ́ nìyí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, àwọn àgbà Omifúnfun yóò jókòó lórí ààlà oko mi àti oko Adébóyè. Ìkamùdù ni mo ń pè é nínú ilé mi, torí kò sí ibi tó gbà kọjá tí kì í rùn. Ìkamùdù ní ọ̀gbàrá ni ààlà wa. Mo ní pèrègún ni. Pèrègún tò gbọọrọ láti etí odò Akínsọ̀ gun orí òkè lọ, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ pé pèrègún la fi ń pààlà nílẹ̀ yìí. Àárín ọ̀gbàrá àti pèrègún, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Kòkó mi tó dára jù wà níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀kadà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti ń jà lé e lórí.

Ọ̀nà yẹn náà ni Ìkamùdù gé igi afàrà dí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Oyin ìyàwó mi ní abà, ọ̀kadà kò rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n gbé e gba Ajue, ọ̀nà tó jìn. Ó kú kí wọ́n tó dé ọsibítù ní Orè.

Kọ ìyẹn sílẹ̀. Fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Òjò. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mi ò bínú lónìí ju ti àná lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọbìnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Orè. Ṣòkòtò. Bàtà òjò. Hámà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí bí ẹni ń lọ sógun. Ẹ̀bùnọlá lórúkọ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ òkúta lòun ń kọ́ ní yunifásítì, òun sì ń wá àwọn kòtò wúrà tí òyìnbó gbẹ́ sẹ́bàá Akínsọ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n ní èmi nìkan ló kù láàyè tó fojú rí i.

Mo bi í pé ta ló júwe mi. Ó ní bàbá kan tó ń jẹ́ Adébóyè ni. Mo ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀.

Kò padà. Ó jókòó lórí òkúta iwájú ilé, ó yọ búrẹ́dì jáde, ó ń jẹ. Mo ní, ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ní òun gbọ́, Bàbá, òkúta tí òun jókòó lé lòun ń wò. Ó sọ hámà lù ú! Òkúta tí mo ti fi ń pọ́n àdá láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó. Ó ní ó dàgbà ju Ádámù lọ. Mo ní Ádámù kò bá ọ ṣiṣẹ́, fi òkúta mi lọ́rùn sílẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín níwájú ilé yìí. Mo ní kó padà wá lọ́la.

Oníhámà ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Oníhámà dé. Ó gbé fóònù síwájú mi pé kí n máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Mo ní mo ti ní akọ̀wé tèmi. Ó ní kí n ṣàánú òun. Mo sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo sọ rèé. Ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí mi. Kí n tó dáyé ni òyìnbó náà ti wà létí Akínsọ̀. Ajígbẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kí àkùkọ tó kọ, ó ti wà nínú kòtò. Bàbá mi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́lẹ̀ títí kòtò á fi jìn ju ènìyàn méjì tó dúró lérí ara wọn lọ. Wọ́n á fi igi ti ògiri rẹ̀ kó má baà ya lulẹ̀. Ilẹ̀ pupa lókè, amọ̀ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn amọ̀ — yanrìn olókùúta tó jókòó sórí àpáta. Ìyẹn ni wọ́n ń wá. Wúrà wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń sá sí. Wọ́n á fi igbá bù ú lọ sódò. Máa yí igbá. Máa yí i. Jẹ́ kí omi gbé èyí tó fúyẹ́ lọ. Yanrìn dúdú ló máa kù. Nínú yanrìn dúdú yẹn, bí ojú rẹ bá mú, wàá rí nǹkan pupa kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bàbá mi ní ènìyàn lè fọ ọgọ́rùn-ún igbá láìrí ẹyọ kan. Ti ọ̀sẹ̀ kan, inú ìgò oògùn ni Ajígbẹ́lẹ̀ ń kó o sí. Kì í bo ìdí ìgò.

Kòtò kan wó mọ́ ọkùnrin Ajue kan lórí. Wọn ò rí i gbé jáde. Ọjọ́ kejì, Ajígbẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Ìdílé tí mo ti wá nìyẹn. A kì í yà fún òkú.

Ìgbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ajígbẹ́lẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò dágbére. Omi kún kòtò. Ọ̀pọ̀lọ́ jogún wọn.

Oníhámà bi mí pé kí ló lé e lọ. Mo ní bí o bá rí i, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ya wá kí mi lẹ́yìn ìsìn. Mi ò tíì tẹ ilé Ọlọ́run láti ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní Olúwa ló fi fún ni, Olúwa ló gbà á. Mo ní Olúwa kò gé igi dí ọ̀nà.

Loveth tó ń ta epo kò dákẹ́ — ọ̀rọ̀ ṣá ni kó ti máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gba ipò díákónì lọ́wọ́ Adébóyè nítorí igi yẹn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi orin bú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́nà odò, ọkùnrin náà ṣì ń búra pé òun kọ́. Ó ní, 'Bàbá, ọdún méjì mà ni. Irọ́ wo ló lágbára tó bẹ́ẹ̀?' Mo ní ọ̀nà tó gbé yín wọlé kò tíì dí, kí wọ́n gbà á jáde.

Wọ́n fi púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó sílẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Inú lèmi ń bí, kì í ṣe ikùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Odò Akínsọ̀, èmi àti Oníhámà. Saheed ló ṣán ọ̀nà fún wa. Ará òkè Ìsẹ́yìn ni, àjèjì tó ń dáko lórí ilẹ̀ mi láti ọdún mọ́kànlá. Òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ ló pọ̀.

Oníhámà fi àwo irin fọ yanrìn. Kí ó tó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, Saheed ti fò sókè. 'Bàbá, a ti là! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!' Oníhámà fi èékánná ṣí ohun tó ń dán náà, ó ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Kì í ṣe wúrà. Mo ní, 'Saheed, máa rọra. Báyìí náà lo ṣe rí ìyàwó tó o fẹ́.' Ó ní, 'Bàbá, ìyàwó tèmi kò bó.' A rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín.

Oníhámà wá sọ bí wúrà ṣe dé ibẹ̀. Mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé torí ó dùn létí mi. Ó ní ilẹ̀ abẹ́ wa yìí, òkúta àgbàlagbà ni. Ilẹ̀ mì títí nígbà kan, òkúta sán. Omi gbígbóná gba ojú sísán náà gòkè láti ìsàlẹ̀, wúrà ti yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí omi náà tutù, ó di òkúta funfun, ó dí ojú sísán náà pa, wúrà há sínú rẹ̀. Bí iṣan nínú ẹran. Lẹ́yìn náà, òjò ọdún tí kò lóǹkà ń jẹ orí iṣan náà, odò ń kó èyí tó bá já bọ́. Iṣan funfun yìí gbéra létí Akínsọ̀, ó gun òkè lọ tààrà.

Ó nawọ́ sí gúúsù. Ó ní bí a bá ń lọ síbẹ̀, òkúta àgbàlagbà yìí á rì sábẹ́ yanrìn, yanrìn á máa lọ títí dé òkun. Nínú yanrìn yẹn ni ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí etí ayé àtijọ́.

Mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé etí ayé ni mo ń gbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Inú ń bí mi. Kọ ọ́ kíákíá.

Oníhámà na okùn ìwọ̀n láti ìdí pèrègún kan sí èkejì. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Láti èkejì sí ẹ̀kẹta, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Saheed gbẹ́ ìdí ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, bí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí tí wọ́n tún dí padà. Èérún òkúta funfun ló ń jáde.

Mo ní ṣọ́ra, pèrègún ààlà nìyẹn. Ó wò mí. Ó ní, 'Bàbá, ẹ má bínú. Ààlà kì í rìn báyìí. Bí èèyàn bá ṣe jà ni ààlà ń yà. Orí iṣan òkúta ni èyí ń tẹ̀ lé, kò yà rárá.'

Mo ní kó kúrò lóko mi. Mo ní kó gbé hámà rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti bí i. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò rẹ̀, ó ń lọ, kò bú mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ó padà wá. Olórí kunkun. Kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ mi, ó sọdá odò lọ sí ìhà kejì. Mo mú ọ̀pá, mo tẹ̀ lé e. Saheed di apá mi mú nínú omi.

Ìhà kejì Akínsọ̀, igbó kìjikìji ni. Kò sẹ́ni tó dáko níbẹ̀ rí, àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò dáko níbẹ̀. Bàbá Ìkamùdù kò dáko níbẹ̀. Pèrègún wà níbẹ̀. Ọ̀kan. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Òmíràn. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Òmíràn. Ta ni wọ́n ń bá pààlà nínú igbó yẹn? Ọ̀bọ?

Mo jókòó sílẹ̀. Ó sọ sí mi lọ́kàn.

Ọdún tí bàbá mi di onígbàgbọ́ ni. Tíṣà ìjọ ní kó gé pèrègún ojúbọ ẹ̀yìnkùlé ilé wa dànù. Bàbá mi kì í da nǹkan nù. Ajígbẹ́lẹ̀ sì ti ní kó wá èèkàn wá, láti fi sàmì síbi tí wọ́n máa gbẹ́ àti ibi tí wọ́n ti gbẹ́ tán. Igi líle ni Ajígbẹ́lẹ̀ fẹ́. Bàbá mi gé pèrègún ojúbọ sí wẹ́wẹ́, ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣónṣó, ó ní èèkàn rèé. Iṣẹ́ Ọlọ́run àti iṣẹ́ òyìnbó, àdá kan náà. Mo gbé nínú rẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń gbé lórí, tí mò ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí òjò rọ̀, gbogbo èèkàn yọ ewé. Pèrègún tútù tí a bá gún mọ́lẹ̀ kì í kú. Ajígbẹ́lẹ̀ pariwo títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tí mo gbọ́njú tí mo ń wá ààlà, pèrègún ni mo rí. Kí ni Ìkálẹ̀ á rí pèrègún lójú ìlà tí kò ní pè é ní ààlà? Mi ò sì lè sọ pé mo gbàgbé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síbi tí ọwọ́ mi kò ti ní tó o ni.

Saheed ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ti ń sọ ọ́ sókè láìmọ̀. Mo ní bí ó bá la ẹnu rẹ̀ ní Omifúnfun, kó di ẹrù kúrò ní abà mi. Ó ní, 'Ẹnu wo, Bàbá? Àjèjì ní ẹnu ni?'

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gbàrá ni ààlà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Monílọ́lá, kọ èyí. Má wò mí, wo ìwé.

Ohun tí mo ní kí o kọ lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, tí mo ní kí o fa ìlà sí nídìí, irọ́ ni. Adébóyè kọ́ ló gé igi afàrà yẹn. Èmi ni. Mo gba oní-ẹ̀rọ ìgégi kan láti Orè, ọ̀sán gangan ni, ó gé e, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀kadà Adébóyè má lè kọjá lórí ilẹ̀ mi mọ́. Èmi á máa gba Ajue. Ó jìn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jà kì í ka ìrìn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ ṣubú sẹ́bàá òkìtì kòkó tó ń fọ́. Saheed gbé e sórí ọ̀kadà, ó dé ìdí igi náà, ó padà. Ó ṣojú mi. Igi mi ni.

Ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gé igi náà kúrò ń béèrè pé ta ló ṣe èyí. Mo ní Adébóyè ni. Kò pẹ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe irọ́: bí kò bá jẹ́ pé ó ń jà fún ilẹ̀ onílẹ̀, kí ni mo fẹ́ gé igi fún? Ẹni tó wá gba ilẹ̀ mi ló ni ẹ̀bi. Orí ìyẹn ni mo ń sùn láti ọdún méjì.

Ilẹ̀ mi kọ́.

Monílọ́lá, má gbé bírò sí—

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó padà wá. Monílọ́lá kò kí mi. Ó jókòó, ó ṣí ìwé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé ìyá òun mọ̀? Mo ní ó mọ̀. Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ó wá dúró ní ẹnu ọ̀nà abà, ó ní, 'Bàbá Monílọ́lá, ilẹ̀ kì í sá lọ. Kí lẹ wá ń dè é mọ́lẹ̀ fún?' Mo ní kó lọ wo iná tó gbé kalẹ̀.

Monílọ́lá ní bí mo bá fẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìjókòó, bí n kò bá fẹ́ kí n má sọ ọ́, òun kò ní bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, òun kò ní kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú ìwé yìí mọ́, òun kò sì ní wọ ilé yìí mọ́.

Mo ní ta ló ń halẹ̀ mọ́ ta? Ó ní, 'Ẹ̀yin lẹ bí mi.'

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Oníhámà wá dágbére. Ó kó òkúta sínú àpò, ó kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ẹyin. Mo bi í pé ṣé wọ́n máa wá gbé ẹ̀rọ wá wa wúrà náà. Ó ní rárá. Iṣan náà tẹ́ẹ́rẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì já pátápátá lábẹ́ àpáta. Ó ní òun rò pé ìdí tí Ajígbẹ́lẹ̀ fi lọ nìyẹn. Ó tẹ̀ lé e dé ibi tó ti tán.

Mo ní kí ló máa kọ nípa pèrègún. Ó ní òun á kọ pé èèkàn àwọn awakùsà ni. Nípa ààlà, òun kò ní kọ nǹkan kan. 'Ti òkúta ni tèmi, Bàbá. Ti ààlà, ọwọ́ yín ló wà.' Ìwé tirẹ̀, ẹni kan kò ní kà á ní Omifúnfun.

Nítorí náà, ẹnu mẹ́rin ló mọ̀. Tirẹ̀, tó ń lọ. Ti Saheed, tó ń bẹ̀rù mi. Ti ọmọ mi, tó ní òun kò ní bá mi sọ ọ́. Tèmi.

Mo ti pinnu. Màá dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di àjèjì. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Mo ti sin èyí tó ju ọmọ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kọ gbogbo rẹ̀. Jókòó dáadáa.

Iwájú ilé Olóyè Ọláyídé ni, òun ló ṣe alága. Àwọn àgbà méje. Èrò kún títí dé títì. Mo wọ aṣọ òkè tí Oyin hun fún mi. Ìkamùdù jókòó ní ọ̀kánkán mi, ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ bí ti adìyẹ tí wọ́n ti tu. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kò fi 'ẹ' pè mí rí.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní pèrègún. Mo ní gbogbo ayé mọ ohun tí pèrègún ń jẹ́. Àwọn èrò ń mi orí. Ó rọrùn bí ẹni ń mu omi. Mo rí Saheed lẹ́yìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mi ò wo ọ̀dọ̀ Monílọ́lá.

Ó kan Ìkamùdù. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rí bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi. Ó dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa mú ilẹ̀ náà. Mo yọ̀ǹda. Ìyàwó wọn ti lọ, ojú wọn ti ń lọ. Kí ni mo fẹ́ máa bá wọn dù? Ohun tó bá wọn, Ọlọ́run má jẹ́ kó bá ọ̀tá mi.'

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú. 'Ó ṣeun. Ọmọlúwàbí.' Olóyè ní ó tán, a dúpẹ́.

Ẹni tí mo fi irọ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó mọ̀ dájú pé òun kò gé igi, tó sì ti ní láti mọ ẹni tó gé e. Òun ló ń ṣàánú mi! Níwájú gbogbo Omifúnfun. Ó fi ilẹ̀ ara rẹ̀ ta mí lọ́rẹ bí ẹni ju egungun sí ajá arúgbó.

Mo dìde. Mo ní, 'Jókòó, Adébóyè. Ta ló bẹ̀ ọ́? Èmi ni wàá ṣàánú?' Olóyè ní kí n rọra. Mo ní mi ò ní rọra. Mo ní ilẹ̀ tó fi ń ta mí lọ́rẹ, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ọrẹ. Mo sọ ọ̀rọ̀ èèkàn fún wọn, bí bàbá mi ṣe gé e, bí mo ṣe gbé e lórí, bí ó ṣe kọjá odò wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí. Mo ní kí ẹni tó bá rò pé mo ń ṣarán lọ kà á. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Mo ní ọ̀gbàrá ni ààlà, bàbá rẹ̀ kò purọ́.

Wọ́n rò pé mo ti parí. Mo ní igi afàrà náà ńkọ́? Èmi ni mo gé e. Lórí ilẹ̀ rẹ̀. Mo ti ọwọ́ ara mi dí ọ̀nà mọ́ ìyàwó mi, mo sì gbé òkú rẹ̀ lé yín lórí pé kí ẹ máa fi bú ọkùnrin yìí. Ẹ ṣíwọ́ àánú. Ẹ bú mi.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Adébóyè dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó ní, 'Ọdún méjì, Jóṣúà. Ọmọ mi obìnrin kó kúrò nílùú.' Ó dé fìlà. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò dúró gbọ́ ìdájọ́.

Ìdájọ́ rèé. Ilẹ̀ di ti Adébóyè títí dé ọ̀gbàrá. Kòkó jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Ẹni tí kòkó rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún bí gbogbo àjèjì ti ń ṣe, kí onílẹ̀ má baà gbàgbé pé òun ló nilẹ̀. Ohun tí Adébóyè bá ń gbà lọ́wọ́ àwọn àjèjì rẹ̀ ni kó gbà lọ́wọ́ mi. Àgbà kan ní ṣé wọn ò ní wo ọjọ́ orí mi. Mo ní bó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, màá fi ọ̀pá yìí lù ú.

Monílọ́lá ló di ọwọ́ mi mú wá sílé. Ó se iṣu.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sí ilé ìjọsìn, mo dìde, mo tún un sọ níbẹ̀ kí wọ́n lè dá ipò rẹ̀ padà fún un. Mo jókòó. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì mi sún síwájú díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá

Mo gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, epo tuntun, tí mo dúró tì nígbà tí wọ́n ń fún un. Saheed ní kí òun fi ọ̀kadà gbé e. Mo ní ìwọ kọ́ lo jẹ ẹ́. Mo gbé e sínú bárò, mo tì í fúnra mi. Ó dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́nà, mo mí, mo tún tì í.

Adébóyè wà níwájú ilé, ó ń tú kòkó ká sínú oòrùn. Ó rí mi láti òkèèrè. Kò wá pàdé mi. Kò fún mi ní àga. Mo dúró. Mo ní ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí rèé.

Ó nu ọwọ́. Ó wá wo inú bárò. Ó fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì náà, epo mì nínú rẹ̀.

Ó ní, 'Kẹ́ẹ̀gì kan?'

Mo ní kẹ́ẹ̀gì kan.

Ó ní, 'Hàbíb tó wá láti ọ̀nà jíjìn, méjì ló ń gbé wá, ilẹ̀ tí mo fún un kò sì tó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àbí o rò pé torí o ti darúgbó ni màá ṣe gbà á bẹ́ẹ̀?'

Mo wo ojú rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa. Kò sí àánú kankan níbẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Mo sọ kẹ́ẹ̀gì náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo yí bárò padà, mo lọ gbé ìkejì.